Ipa Tí Amọ̀ Ń Kó Nínú Awọ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Tí Wọ́n Fi Sítáàṣì Ṣe

Ìfáárà

Ní oṣù Kíní ọdún 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fi òfin de abọ́ fóòmù tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu oúnjẹ fún oníbàárà. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin tí ó de àwọn ike tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń sọ nù. Òfin lè lé ohun kan kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n kò lè pèsè òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀fọ́ gígé ṣì níláti rí nǹkan dì í. Láàrin àwọn ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ti dábàá pé kí ó rọ́pò ọ̀rá, sítáàṣì jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó pọ̀ jù tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ ju orílẹ̀-èdè yòówù lọ ní àgbáyé, kò gbọ́dọ̀ fi ojú kékeré wo irú àbá bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, sítáàṣì nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe. Bí ó bá gbẹ, a máa kán. Bí ọ̀rinrin bá bà á, a máa rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Amọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àfikún tí wọ́n ti dán wò láti fi wá nǹkan ṣe sí àléébù méjèèjì. Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí dáwọ́ lé ni láti ṣàlàyé ohun tí amọ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá wà nínú awọ sítáàṣì, ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó rọrùn láti rò pé bí amọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni awọ yóò ṣe lágbára tó, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń bu sìmẹ́ǹtì kún yanrìn. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí yóò hàn nínú àlàyé tí ó ń bọ̀ ni pé bí amọ̀ bá ṣe tú ká sí nínú sítáàṣì ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ìwà Sítáàṣì

Hóró sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í sábà fẹ̀ ju ìdá 3 tàbí 4 nínú 100 mìlímítà kan lọ. Oríṣi ẹ̀wọ̀n méjì ni ó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni amylose, tí ó gùn gbọọrọ láìfi bẹ́ẹ̀ yọ ẹ̀ka; èkejì ni amylopectin, tí ó yọ ẹ̀ka káàkiri bí igi àràbà. Nínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, amylose sábà máa ń wà láàrin ìdá 15 sí 25 nínú 100; amylopectin ni ó kó ìyókù. Bí wọ́n bá gbé sítáàṣì pẹ̀lú omi ka iná, tí ó sì gbóná dé ìwọ̀n 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn hóró náà yóò mu omi, wọn yóò wú, wọn yóò sì tú, gbogbo rẹ̀ yóò wá ki. Ohun tí ẹni tí ó ń po ẹ̀kọ ń rí nínú ìkòkò gan-an nìyí.

Láti sọ irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ di awọ, wọ́n á po gíráàmù 3 sí 5 sítáàṣì mọ́ 100 mìlílítà omi, wọ́n á sè é, wọ́n á dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ mọ́jú níbi tí ooru rẹ̀ kò ju 40 tàbí 50 lọ. Ohun tí yóò ṣí kúrò lójú àwo náà ní ọjọ́ kejì ni awọ kan tí ó mọ́ gaara, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 mìlímítà lọ. Bí kò bá sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju sítáàṣì lọ, yóò máa fọ́ bí ewé gbígbẹ nígbà tí wọ́n bá ká a. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi gílísẹ́rínì sí i, ó sì sábà máa ń tó ìdá 25 sí 30 bí sítáàṣì bá jẹ́ 100. Gílísẹ́rínì yìí a wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n sítáàṣì, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n di ara wọn mú pinpin. Awọ náà yóò wá ṣeé tẹ̀, yóò sì ṣeé nà.

Àléébù àkọ́kọ́ tí ó wà lára irú awọ bẹ́ẹ̀ ni pé omi máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọn ìbá pè é. Láfún ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, tí wọ́n fi ń kọ ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní lè mú dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá há ẹ̀kọ náà kúrò tí wọ́n sì fọ aṣọ, ojú ọnà kì í sábà funfun báláú. Àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó máa ń ní, nítorí pé omi aró ti yọ́ gba inú ẹ̀kọ wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹwà ni èyí jẹ́ lára àdìrẹ. Lára ohun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, àléébù gbáà ni.

Àléébù kejì ni pé awọ sítáàṣì kì í dúró sójú kan. Ẹ̀kọ tútù tí ó bá ti lò tó ọjọ́ méjì a máa le, a máa sán, omi a sì máa sun jáde lára rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹ̀wọ̀n tí iná ti tú ká tún ń wá ara wọn, wọ́n sì ń tò jọ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti awọ: èyí tí ó ṣeé ká lónìí lè kán ní oṣù tí ó ń bọ̀.

Oríṣi Amọ̀ Méjì

Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Amọ̀kòkò mọ̀ pé amọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá mu omi yóò wú, bí ó bá sì ń gbẹ yóò súnkì, ìkòkò yóò sì sán kí ó tó dé inú iná. Irú rẹ̀ ni àwọn amọ̀kòkò máa ń yẹra fún, tàbí kí wọ́n fi yanrìn là á. Ó yani lẹ́nu pé amọ̀ tí amọ̀kòkò kọ̀ yìí gan-an ni ẹni tí ó ń ṣe awọ sítáàṣì ń wá.

Kaolin ni amọ̀ tí kì í wú. Láti ara orúkọ òkè Gaoling ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, ó sì wà lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Nàìjíríà. Ti Kankara ní Ìpínlẹ̀ Katsina lókìkí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, yóò dà bí ewé gbòdògì tí wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n sì fi okùn dì pinpin. Ìsopọ̀ tí ó wà láàrin ewé kan àti èkejì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí omi lásán kò lè rí ibẹ̀ wọ̀.

Montmorillonite ni amọ̀ tí ń wú. Ìlú Montmorillon ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1847, òun sì ni ó pọ̀ jù nínú bentonite, amọ̀ tí àwọn tí ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì máa ń pò mọ́ omi ìgbẹ́lẹ̀ wọn. Òun náà ní ewé, ṣùgbọ́n kò sí okùn tí ó di àwọn ewé rẹ̀ pọ̀. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní agbára iná òdì, sódíọ̀mù tàbí kálísíọ̀mù sì wà láàrin ewé kan àti èkejì láti fi dọ́gba. Omi fẹ́ràn sódíọ̀mù. Nítorí náà bí omi bá dé, a wọ àárín àwọn ewé náà, a sì máa tì wọ́n jìnnà sí ara wọn. Sísanra ewé kan jẹ́ nànómítà 1, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá to 1,000,000 nínú rẹ̀ lé ara wọn, gíga wọn yóò jẹ́ mìlímítà 1 péré. Síbẹ̀ ewé náà lè fẹ̀ ní ìlọ́po 100 sísanra rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tú gbogbo ewé tí ó wà nínú gíráàmù 1 montmorillonite ká, ojú wọn yóò lé ní 700 mítà onígun mẹ́rin. Gíráàmù 10 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan.

Ipò mẹ́ta ni amọ̀ yìí lè wà nínú sítáàṣì. Ó lè wà ní ìdì, kí sítáàṣì má rí àárín ewé rẹ̀ wọ̀ rárá. Sítáàṣì tàbí gílísẹ́rínì lè wọ àárín àwọn ewé kí wọ́n sún díẹ̀ láìtú ìdì náà. Tàbí kí ìdì náà tú pátápátá, kí ewé kọ̀ọ̀kan máa dá wà láàrin sítáàṣì. Ìtànṣán X ni wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀: montmorillonite olósódíọ̀mù tí ó wà lásán nínú afẹ́fẹ́ máa ń fi nǹkan bí nànómítà 1.2 hàn láti orí ewé kan dé orí èkejì; bí gílísẹ́rínì bá wọ̀ ọ́, yóò di nǹkan bí 1.8; bí ìdì náà bá sì tú tán, àmì náà yóò pòórá. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi ojú lásán mọ díẹ̀. Awọ tí amọ̀ ti tú ká nínú rẹ̀ máa ń mọ́ gaara, nítorí pé ewé náà tín-ín-rín ju ohun tí ó lè dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Èyí tí amọ̀ ti ṣùpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń rí bàìbàì bí omi ìfọṣọ.

Kì í ṣe ìdí sítáàṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èrè ìtúká yìí. Àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Toyota ní ilẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n fi í hàn ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n tú ewé montmorillonite ká sínú náílọ́ọ̀nù, tí amọ̀ kékeré sì sọ ọ́ di ohun líle tí ooru kò tètè tẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀ ni àwọn mìíràn gbé ọgbọ́n náà wá sídìí sítáàṣì.

Bí Amọ̀ Ṣe Ń Dí Ọ̀nà Mọ́ Omi

Ewé amọ̀ kì í jẹ́ kí oru omi gba inú òun fúnra rẹ̀ kọjá. Bí ewé púpọ̀ bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ nínú awọ, oru omi tí ó fẹ́ ti ojú kan bọ́ sí èkejì kò ní rí ọ̀nà tààrà mọ́. Yóò níláti máa yà sọ́tùn-ún, kí ó máa yà sósì, bí ẹni tí ó fẹ́ gba àárín ọjà kọjá ní ọjọ́ tí àwọn oníṣòwò ti to igbá dí ojú ọ̀nà. Ọ̀nà gùn sí i, nítorí náà ìwọ̀n omi tí yóò kọjá ní wákàtí kan á dínkù.

Ní ọdún 1967 ni Lawrence Nielsen gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà wà. Bí amọ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní ìwọ̀n wíwúwo, ààyè tí ó gbà nínú awọ kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ, nítorí pé amọ̀ wúwo ju sítáàṣì lọ. Kí ó jẹ́ pé amọ̀ yìí tú ká dé ibi tí fífẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú awọ jẹ́ ìlọ́po 100 sísanra rẹ̀. Ìṣirò Nielsen fi hàn pé oru omi tí yóò máa kọjá yóò wálẹ̀ láti 100 sí nǹkan bí 39. Kí ó wá jẹ́ pé amọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ṣì wà ní ìdì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìlọ́po 10 sísanra rẹ̀ lọ. Oru omi yóò kàn wálẹ̀ sí 84 ni. Ẹni tí ó ń lo irú amọ̀ ìdì bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ dé orí 39, yóò níláti bu amọ̀ kún un títí yóò fi gba ìdá tí ó lé ní 20 nínú 100 nínú ààyè awọ náà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ní wíwúwo. Nígbà náà, ohun tí ó ṣe kì í ṣe awọ mọ́. Ó ti súnmọ́ ìkòkò tí wọn kò tíì sun.

Ìṣirò yìí gbà pé gbogbo ewé ni ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá dúró lóòró, wọn kì í dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Awọ tí wọ́n dà sínú àwo tí ó sì gbẹ díẹ̀díẹ̀ ní àǹfààní níbí, nítorí pé bí omi ṣe ń lọ tí awọ ń tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ewé ń tẹ̀ balẹ̀.

Líle, Nínà, àti Ìjà Tí Ó Wà Láàrin Gílísẹ́rínì àti Amọ̀

Ìwádìí méjì ni ó ṣe kókó fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ oríṣi amọ̀ méjèèjì. Ní ọdún 2001, de Carvalho, Curvelo àti Agnelli ní ilẹ̀ Bùràsíìlì po kaolin mọ́ sítáàṣì àgbàdo tí wọ́n ti fi gílísẹ́rínì rọ̀. Nígbà tí kaolin di ìdá 50 sí 100 sítáàṣì náà, agbára tí awọ fi lè gba ìfà kí ó tó já gòkè láti 5 MPa sí 7.5, líle rẹ̀ sì gòkè láti 120 MPa sí 290. Ṣùgbọ́n nínà rẹ̀ kí ó tó já wálẹ̀ láti ìdá 30 nínú 100 sí ìdá 14. Ohun tí wọ́n rí gbà kò kéré, àmọ́ amọ̀ tí wọ́n ná sórí rẹ̀ pọ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe kò ṣeé nà bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, Hwan-Man Park àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kòríà lo montmorillonite olósódíọ̀mù, ìdá 5 nínú 100 péré, nínú sítáàṣì ọ̀dùnkún. Agbára ìfà gòkè láti nǹkan bí 2.6 MPa sí 3.3, nínà rẹ̀ kò sì wálẹ̀, ó tilẹ̀ gòkè láti nǹkan bí ìdá 47 sí 57. Wọ́n tún dán àwọn amọ̀ mìíràn wò tí wọ́n ti fi kẹ́míkà ọlọ́ràá pààrọ̀ sódíọ̀mù inú wọn, irú èyí tí ó ṣe dáadáa nínú ike àti náílọ́ọ̀nù. Àwọn wọ̀nyí kò tú ká tó amọ̀ lásán. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: sítáàṣì fẹ́ràn omi, amọ̀ olósódíọ̀mù fẹ́ràn omi, nítorí náà àwọn méjèèjì wọ ara wọn, ọ̀rá tí wọ́n fi kún amọ̀ ni ó wá pààlà sí wọn láàrin. Amọ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, èyí kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ìmọ̀ ìṣe-nǹkan.

Ohun tí ó ń fún awọ náà ní agbára ni pé ewé amọ̀ le gan-an, ojú rẹ̀ sì gbòòrò, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n sítáàṣì fi lè rí ibi dì mú. Bí wọ́n bá fa awọ náà, ewé ni ó ń gba púpọ̀ nínú ìfà náà. Ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá ti pọ̀ jù, àwọn ewé kò ní rí ààyè dá wà mọ́; wọn yóò ṣùpọ̀, ibi tí ìṣùpọ̀ náà bá wà ni awọ yóò sì ti kọ́kọ́ ya. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn olùwádìí fi ń dúró sí ìwọ̀n kékeré, tí kì í sábà kọjá ìdá 5 tàbí díẹ̀ lé e nínú 100.

Ẹ̀wẹ̀, gílísẹ́rínì ni ó máa ń da ètò yìí rú. Òun náà fẹ́ràn àárín ewé amọ̀, ó sì kéré ju ẹ̀wọ̀n sítáàṣì lọ fíìfíì, nítorí náà òun ni ó máa ń tètè dé ibẹ̀. Wilhelm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bùràsíìlì rí èyí ní ọdún 2003 nígbà tí wọ́n ń ṣe awọ láti ara sítáàṣì cará, tí í ṣe irú iṣu kan, pẹ̀lú hectorite, ìbátan montmorillonite: bí gílísẹ́rínì bá wà níbẹ̀, òun ni ó ń wọ àárín ewé. Ó sì ń fa àdánù méjì. Gílísẹ́rínì tí ó ti sá sínú amọ̀ kò sí láàrin sítáàṣì mọ́ láti rọ̀ ọ́. Sítáàṣì tí ó yẹ kí ó tú ìdì amọ̀ kò sì rí ààyè wọlé. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rí i pé awọ òun le sí i, kí ó sì máa yin amọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé gílísẹ́rínì tí ó dínkù ni ó ń bá a ṣe é.

Tang, Alavi àti Herald ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní ọdún 2008. Bí wọ́n ṣe ń dín gílísẹ́rínì kù láti ìdá 20 sí ìdá 5 nínú 100 ni amọ̀ ń tú ká sí i, tí awọ ń lágbára sí i, tí oru omi tí ń kọjá sì ń dínkù. Kí ni ẹni tí kò fẹ́ kí awọ òun kán yóò wá ṣe? Pandey àti Singh ní ilẹ̀ Íńdíà ti fún un lésì ní ọdún 2005, ìyẹn ni pé kí ó kíyè sí ohun tí ó ń kọ́kọ́ wọ inú ìkòkò. Bí wọ́n bá jẹ́ kí sítáàṣì àti amọ̀ kọ́kọ́ bá ara wọn pàdé, kí gílísẹ́rínì tó dé, awọ máa ń dára ju ìgbà tí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Ní ti iṣẹ́ ṣíṣe, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kí wọ́n rẹ amọ̀ sínú omi púpọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n rò ó fún wákàtí púpọ̀ títí yóò fi wú. Kí wọ́n dà á sínú sítáàṣì gbígbóná tí ó ti jinná. Kí wọ́n sì fi gílísẹ́rínì sí i ní ìgbẹ̀yìn. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú gbogbo èyí. Sùúrù ni ó gbà.

Ní ti líle tí awọ ń le bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ewé amọ̀ a máa dí àwọn ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ àtitò jọ padà, àwọn ìwádìí kan sì ti rí i pé èyí ń fa ọjọ́ ogbó awọ náà sẹ́yìn. Kò mú un kúrò pátápátá.

Ibi Tí Agbára Amọ̀ Mọ

Púpọ̀ nínú àwọn iye tí ó wà lókè yìí ni wọ́n rí nínú yàrá ìwádìí tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 50 nínú 100. Ní Èkó nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń kọjá 80. Omi fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí gílísẹ́rínì ń ṣe láàrin ẹ̀wọ̀n sítáàṣì. Nítorí náà awọ tí ó le koko nínú ọyẹ́ lè di ohun tí ń fà bí ilá ní oṣù Keje. Iye agbára tí wọn kò bá kọ ìwọ̀n ọ̀rinrin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣe pàtàkì láti ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí. Amọ̀ ń dín bí omi ṣe ń yára kọjá kù, nítorí pé ó mú ọ̀nà gùn. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dín iye omi tí awọ yóò mu nígbẹ̀yìn kù bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ síbi ọ̀rinrin, nítorí pé sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ omi rẹ̀, amọ̀ olósódíọ̀mù náà sì ń mu omi ní tirẹ̀. Kódà bí oru omi tí ń kọjá bá wálẹ̀ dé ìdajì, ó ṣì pọ̀ ju ti ọ̀rá lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Ẹni tí ó bá fi irú awọ bẹ́ẹ̀ di gàárì pamọ́ yóò bá a ní rírin. Mọ́ínmọ́ín gbígbóná yóò sì yọ́ ọ dànù kí oníbàárà tó délé. Àwọn tí wọ́n ń polówó awọ sítáàṣì bí ẹni pé ó lè gba gbogbo ipò ọ̀rá ń ṣi aráàlú lọ́nà.

Iṣẹ́ tí ó bá a mu wà. Nígbà tí ó bá gbẹ, awọ sítáàṣì máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rá àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn dáadáa, nítorí náà ó lè jẹ́ ìtẹ́nú fún bébà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ díndín. Ewébẹ̀ tútù tí wọn yóò tà tán ní ọjọ́ kan sí méjì náà tún wà, tí ó tilẹ̀ ń fẹ́ kí omi ara rẹ̀ rí ọ̀nà jáde díẹ̀ kí ó má baà rà.

Jíjẹrà àti Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ

Kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó ń jẹ sítáàṣì. Amọ̀ kì í jẹrà, ṣùgbọ́n láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá, inú ilẹ̀ náà ni ó sì ń padà sí, kò dà bí ìrúnwómúwómú ike tí ń káàkiri inú odò. Bí ó ti ń fa ọ̀nà omi gùn, bẹ́ẹ̀ ni ó lè fa jíjẹrà lọ́ra díẹ̀. Àwọn kẹ́míkà ọlọ́ràá tí wọ́n fi ń pààrọ̀ sódíọ̀mù ni ó yẹ kí wọ́n máa fura sí, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń pa kòkòrò tí ó yẹ kí ó jẹ awọ náà. Ìdí kejì nìyí tí amọ̀ lásán fi dára ju amọ̀ olóògùn lọ.

Bí awọ bá máa kan oúnjẹ, ìbéèrè mìíràn dìde: ǹjẹ́ amọ̀ kò ní bọ́ sínú oúnjẹ? Avella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún 2005. Wọ́n fi awọ sítáàṣì ọ̀dùnkún tí ó ní montmorillonite di ewébẹ̀. Irin àti magnesíọ̀mù inú ewébẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Sílíkọ́nì, tí ó jẹ́ èròjà pàtàkì nínú amọ̀, pọ̀ sí i díẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí ó kúrò lára awọ lọ sínú oúnjẹ kò kọjá ohun tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà láàyè.

Amọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò ni Avella lò. Ti inú kòtò kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Amọ̀ jíjẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àwọn aboyún, tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, ti wá sí abẹ́ àyẹ̀wò ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ti bá òjé nínú rẹ̀. Bentonite tí wọ́n ṣe fún gbígbẹ́ kànga epo náà kò sí fún oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó rọrùn láti rí rà jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi amọ̀ ilẹ̀ yìí ṣe awọ tí yóò kan oúnjẹ níláti kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sínú omi, kí ó jẹ́ kí yanrìn sílẹ̀, kí ó da èyí tí ó léfòó sọ́tọ̀, kí ó sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò òjé àti arsenic kí ó tó gbé ìkòkò sítáàṣì ka iná.